Ṣé apá òsì ni ọkàn wà? Ìdáhùn fún ẹni tí wọ́n ní kó tẹ àárín àyà

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn rèé, mo gé e kúrú díẹ̀:

"Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Wọ́n kọ́ wa ní ìrànlọ́wọ́ pàjáwìrì níbi iṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Olùkọ́ wa ní bí ẹnì kan bá ṣubú lulẹ̀, tí kò mira, tí kò sì mí dáadáa, ká ké sí àwọn tó ń gbé aláìsàn, ká wá gbé ọwọ́ méjèèjì lé àárín àyà rẹ̀ gan-an, ká máa tẹ̀ ẹ́. Mo ní, ṣebí apá òsì ni ọkàn wà? Ó ní kí n ṣáà tẹ ibi tí òun fi hàn mí. Ọ̀rọ̀ náà kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Bí mo bá fọwọ́ lé àyà mi lápá òsì, mo ń mọ̀ ọ́n lára bó ṣe ń lù. Bí mo bá gbé e sí àárín, kò sí nǹkan kan. Níbo gan-an ni ọkàn wà? Kí ló sì tún wà nínú àyà tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ni ẹ̀yin dókítà máa ń gbé ẹ̀rọ yín lé nígbà mìíràn?"

Olùkọ́ yín tọ̀nà, ọwọ́ yín náà kò sì parọ́. Àárín àyà ni ọkàn wà, lẹ́yìn egungun pẹrẹsẹ tó wà láàárín ọmú méjèèjì. Ó kàn dagun sí òsì ni, tí ṣóńṣó ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi nà dé abẹ́ ọmú òsì. Ṣóńṣó yẹn ni ọwọ́ yín ń bá pàdé. Bí ìgbà tí èèyàn fọwọ́ kan ìgbọ̀nwọ́ ẹlòmíràn nínú òkùnkùn ni: ìgbọ̀nwọ́ lẹ kàn, ara ṣì wà lẹ́yìn.

Èmi náà gba òsì gbọ́ títí mo fi wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Lọ́jọ́ tí a kọ́kọ́ ṣí àyà òkú tí a fi ń kẹ́kọ̀ọ́, mo ti na ọwọ́ sí òsì kí olùkọ́ wa tó la ẹnu. Ẹ̀dọ̀fóró ni mo bá. Ó ń tẹ̀ lábẹ́ ìka bíi kànrìnkàn. Olùkọ́ náà rọra di ọrùn ọwọ́ mi mú, ó fà á wá sí àárín, ó ní, "Níbí." Mo wá rí i: àpò kan tó fara ti ẹ̀dọ̀fóró lọ́tùn-ún lósì, bí ọmọ tó sùn sáàárín òbí rẹ̀ méjèèjì, tí ìdí rẹ̀ sì jókòó lé iṣan tó pín àyà kúrò lára ikùn. Nígbà tí wọ́n la àpò náà, ọkàn inú rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ ju ìkúùkù mi lọ. Mo pa ìka mi pọ̀, mo gbé ìkúùkù náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń wo méjèèjì. Títí dòní, bí mo bá ń kọ́ àwọn ọmọ tuntun, ohun tí mo máa ń ní kí wọ́n ṣe nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká fi ìka wá a lára ẹ̀yin fúnra yín. Ẹ gbé ìka sí kòtò kékeré ìsàlẹ̀ ọ̀fun, níbi tí egungun méjì tó ti èjìká wá ti fẹ́ pàdé. Ẹ máa fà á bọ̀ nísàlẹ̀ lórí egungun àárín àyà. Bí ẹ bá fà á dé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5, ẹ ó kan ibì kan tó yọrí díẹ̀ ní ìbú, bí ojú ìsopọ̀ pákó méjì tí kò tẹ́jú dáadáa. Egungun méjì ló pàdé níbẹ̀ lóòótọ́. Ojúkò yẹn níyì púpọ̀ lọ́dọ̀ wa, torí pé ibẹ̀ la ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í ka egungun ìhà. Egungun ìhà kìíní fara pamọ́ sábẹ́ egungun iwájú èjìká, ìka kì í sábà rí i. Èyí tó so mọ́ ibi tó yọrí yẹn ni ìkejì. Nínú lọ́hùn-ún, ní ọ̀gangan ibẹ̀ kan náà, ni ọ̀nà èémí ti là sí méjì, ọ̀kan lọ sí ọ̀tún, èkejì lọ sí òsì.

Ẹ wá sún ìka sí òsì, kí ẹ máa sọ̀ kalẹ̀ láti àlàfo kan sí òmíràn: abẹ́ ìkejì, abẹ́ ìkẹta, abẹ́ ìkẹrin, abẹ́ ìkarùn-ún. Obìnrin á ní láti gbé ọmú òsì sókè díẹ̀. Ní àlàfo abẹ́ ìkarùn-ún yẹn, níbi tó fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 8 tàbí 9 jìnnà sí àárín ara, ẹ tẹ́ ìka méjì sílẹ̀ kí ẹ dúró. Bí ẹ kò bá mọ nǹkan kan lára, ẹ tẹ̀ síwájú lórí ìjókòó, tàbí kí ẹ fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ọkàn á sún mọ́ ògiri àyà. Ohun tó ń ta ìka yín yẹn ni òpin ọkàn lápá òsì. Láti ibẹ̀, ẹ fi ojú inú wọ́ ìlà kan gòkè padà sí ọ̀tún, kó gba ẹ̀yìn egungun àárín kọjá, kó yọ díẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún egungun náà. Ibi tí ọkàn wà nìyẹn. Bí a bá pín in sí mẹ́ta, nǹkan bí ìdá méjì wà lósì ìlà àárín ara, ìdá kan wà lọ́tùn-ún.

Kí ló dé tí àárín kò fi lù mọ́ ọwọ́ yín? Egungun ti bò ó, ìyẹn jẹ́ ọ̀kan. Èkejì ni pé ọkàn yí ara rẹ̀ nínú àyà. Ọkàn ní yàrá mẹ́rin, méjì lókè, méjì nísàlẹ̀, a sì máa ń pè wọ́n ní "ọ̀tún" àti "òsì" bíi pé wọ́n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Orúkọ yẹn ń ṣi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà. Yàrá ìsàlẹ̀ tí à ń pè ní ọ̀tún, iwájú gan-an ló wà, òun ló kọjú sí egungun àárín. Ẹ̀dọ̀fóró tó wà nítòsí nìkan ló ń fún ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ sí, nítorí náà ògiri rẹ̀ fẹ́lẹ́. Yàrá ìsàlẹ̀ òsì ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ sí orí, sí ọwọ́, sí àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ìlọ́po mẹ́ta ti ọ̀tún. Òun ló dá ṣóńṣó ọkàn, bó bá sì ti ń fún ara rẹ̀ ló ń lọ́, tí ṣóńṣó náà fi ń gbá ògiri àyà. Alágbára inú wọn ló ń kan ọwọ́ yín.

Èyí tó wà lẹ́yìn pátápátá ni yàrá òkè òsì. Ó fara ti ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà lọ sí ikùn. Nígbà míì tí a bá fẹ́ wo ọkàn dáadáa, a máa ń ní kí aláìsàn gbé ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan mì, kí a fi wo ọkàn láti ẹ̀yìn, torí pé kò sí egungun tàbí ẹ̀dọ̀fóró tó dí ojú níbẹ̀. Bí yàrá yẹn bá wú nítorí àìsàn, ó lè tẹ ọ̀nà oúnjẹ débi pé àtigbé nǹkan mì á di ìṣòro.

Ìró ọkàn pàápàá ní ìtàn tirẹ̀. Ó ti pé tí mo ti ń gbọ́ ọ, kò tíì sú mi. Gbì-dì, gbì-dì tí ẹ máa ń gbọ́ yẹn, ìró ilẹ̀kùn tó ń padé ni. Ilẹ̀kùn mẹ́rin ló wà. "Gbì" ni ti méjì tó wà láàárín yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀. "Dì" ni ti méjì tó wà lẹ́nu ọ̀nà àbájáde. Gbogbo wọn kó ara wọn jọ sẹ́yìn egungun àárín débi pé àtẹ́lẹwọ́ kan lè bò wọ́n mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ibi mẹ́rin tó jìnnà síra la máa ń gbé ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ àyà lé: ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún egungun náà lókè, ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ lókè, ẹ̀gbẹ́ òsì nísàlẹ̀, àti ibi tí ìka yín wà lẹ́ẹ̀kan. Ìdí ni pé ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé ìró lọ. A kì í dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ la ti ń dúró de ìró rẹ̀. Ẹni tó kọ́kọ́ ṣe irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ni René Laennec, dókítà ará Faransé, ní Paris, lọ́dún 1816. Ọmọbìnrin kan ló fẹ́ yẹ̀ wò, ojú sì ń tì í láti gbé etí lé e láyà, ló bá ká ìwé rogodo, ó fi ẹnu kan sí àyà, ó fi ìkejì sétí. Ó gbọ́ ọkàn náà ketekete ju bó ṣe máa ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀ lọ.

Ẹ bi mí nípa ẹ̀yìn. Ẹ̀dọ̀fóró la máa ń wá lọ síbẹ̀. Ti ọ̀tún pín sí ìsọ̀rí mẹ́ta, ti òsì sí méjì, ti òsì sì ní ibi tó dà bí ẹni pé wọ́n bù jẹ níwájú, kí ọkàn lè ráyè. Ti ọ̀tún fẹ̀ jù, ṣùgbọ́n ó kúrú díẹ̀, torí pé ẹ̀dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀ tó ń tì í sókè. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ìsọ̀rí ìsàlẹ̀, lọ́tùn-ún àti lósì, fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹ̀yìn ló wà pátápátá. Iwájú kì í fi í hàn wá púpọ̀. Ibẹ̀ sì ni òtútù àyà máa ń fẹ́ láti fara pamọ́ sí. Dókítà tó bá gbọ́ iwájú nìkan tó sì ní àyà mọ́, kò tíì yẹ ẹ̀dọ̀fóró wò. Ẹ tún gbé ìka sí òkè egungun iwájú èjìká, ní kòtò ẹ̀bá ọrùn: ẹ̀dọ̀fóró yọ dé ibẹ̀, ó fi sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3 ga ju egungun náà lọ. Ìdí nìyẹn tí ọ̀bẹ tó bá gún èèyàn ní ẹ̀bá ọrùn fi lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́.

Ẹ̀dọ̀fóró kò lè fẹ ara rẹ̀. Kò ní iṣan tó lè fi ṣe é. Dáyáfráàmù, iṣan fẹ̀ǹfẹ̀ tó tẹ́ sáàárín àyà àti ikùn bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, òun ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Bó bá fún ara rẹ̀, á wálẹ̀. Àwọn egungun ìhà náà á gbéra sókè síta. Àyè inú àyà á fẹ̀ sí i. Afẹ́fẹ́ á rọ́ wọlé bó ṣe ń rọ́ wọ inú ẹwìrì tí alágbẹ̀dẹ fà sókè. Nígbà tí ẹ bá jókòó jẹ́ẹ́, nǹkan bíi ìdajì lítà ló ń wọlé lẹ́ẹ̀kan, nígbà 12 sí 20 ní ìṣẹ́jú kan. Ohun tó so ẹ̀dọ̀fóró mọ́ ògiri àyà ni awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ méjì tí omi díẹ̀ wà láàárín wọn. Ọ̀kan wé mọ́ ẹ̀dọ̀fóró, èkejì tẹ́ sí ara ògiri. Ẹ fi omi kán sáàárín dígí méjì kí ẹ gbé wọn léra: wọ́n á máa yọ̀ lórí ara wọn, àmọ́ ẹ kò ní lè fà wọ́n ya bọ̀rọ̀. Bó ṣe rí nínú àyà náà nìyẹn. Bí ọta ìbọn tàbí egungun tó ṣẹ́ bá dá ihò sí ògiri àyà, tí afẹ́fẹ́ wọ àárín awọ méjèèjì, ẹ̀dọ̀fóró á já kúrò lára ògiri, á sì kákò sí ẹ̀gbẹ́ ọkàn. Ẹ̀dọ̀fóró náà lè má ní ọgbẹ́ kankan rárá.

Ọ̀nà èémí máa ń là sí méjì, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan á tún là, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí yóò fi dé àpò tíntìntín tó lé ní mílíọ̀nù 300. (Ẹ̀ka ọ̀tún fẹ̀, ó kúrú, ó sì sọ̀ kalẹ̀ tààrà ju ti òsì lọ. Bí ọmọdé bá fa nǹkan sí ọ̀nà èémí, ọ̀tún la kọ́kọ́ máa ń wá a sí.) Lára àpò kọ̀ọ̀kan ni òpó ẹ̀jẹ̀ tó tínrín jù lọ wé mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á ju afẹ́fẹ́ àìlò sílẹ̀, á gbé ọ́síjìn, á kọjá lọ, gbogbo rẹ̀ kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Galen, oníṣègùn ayé àtijọ́, ti kọ́ àwọn èèyàn pé ihò tíntìntín wà lára ògiri tó pín ọkàn sí ọ̀tún àti òsì, tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà á kọjá. Wọ́n gbà á gbọ́ fún ohun tó lé ní 1,000 ọdún. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kẹtàlá, Ibn al-Nafis, tó ń ṣe ìṣègùn ní Káírò, kọ ọ́ sílẹ̀ pé ògiri náà di pinpin, pé ẹ̀dọ̀fóró ni ẹ̀jẹ̀ gbọ́dọ̀ gbà kó tó dé apá òsì. Mo bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin yìí gidigidi. Ó gba òótọ́ ohun tó wà níbẹ̀ gbọ́ ju ọ̀rọ̀ ẹni ńlá lọ.

Ẹ kò béèrè nípa ìrora, ṣùgbọ́n mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ yìí dé ibí kí n má kàn án. Ìrora ọkàn kì í sábà jókòó sí abẹ́ ọmú òsì. Àárín ló máa ń wà, bí ẹni gbé ẹrù wúwo lé èèyàn láyà, ó sì lè tàn dé apá, ọrùn tàbí ẹ̀rẹ̀kẹ́, torí pé ibì kan náà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn ni iṣan ìmọ̀lára ọkàn àti ti apá ń gbà wọlé, ọpọlọ kò sì lè fi ìyàtọ̀ sáàárín wọn. Ẹni tí irú rẹ̀ bá ṣe, pàápàá tí òógùn tútù bá ń bò ó tàbí tí èémí rẹ̀ kò délẹ̀, kó má dúró rò ó. Ilé ìwòsàn ni, lójú ẹsẹ̀.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ olùkọ́ yín. Láyé àtijọ́, bí ọkàn bá dúró, ohun tí àwọn dókítà máa ń ṣe ni pé kí wọ́n la àyà, kí wọ́n ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, kí wọ́n máa fún ọkàn náà. Ní Johns Hopkins, ilé ẹ̀kọ́ gíga tó ní ilé ìwòsàn, ní ìlú Baltimore ní Amẹ́ríkà, Guy Knickerbocker àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ tó ń fi iná mọ̀nàmọ́ná jí ọkàn. Ó ṣàkíyèsí lára ajá tí wọ́n fi ń ṣèwádìí pé, bí wọ́n bá ti tẹ irin ẹ̀rọ náà mọ́ àyà rẹ̀, kí iná tó wọlé rárá, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń gòkè. Títẹ̀ yẹn nìkan ti ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ. Òun, William Kouwenhoven àti James Jude tẹ̀ lé e títí wọ́n fi gbé àbájáde rẹ̀ jáde lọ́dún 1960: ọwọ́ méjì lórí àyà tí ẹnikẹ́ni kò là.

Ẹ wo ibi tí ẹ ń tẹ̀. Egungun àárín wà níwájú, ọ̀pá ẹ̀yìn wà lẹ́yìn, ọkàn wà láàárín méjèèjì. Egungun àárín yẹn lè wọlé kó sì jáde, torí pé egungun rírọ̀, irú èyí tó wà nínú etí, ló so ó mọ́ àwọn egungun ìhà. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wọlé ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 6 fún àgbàlagbà, ọkàn á há sáàárín, ohun gbogbo tó wà nínú àyà náà á fún pọ̀, ẹ̀jẹ̀ á jáde. Àwọn ilẹ̀kùn mẹ́rin yẹn kò sì ní jẹ́ kó padà sẹ́yìn. Bí ẹ bá tẹ apá òsì ńkọ́? Kò sí ọ̀pá ẹ̀yìn lẹ́yìn ibẹ̀. Egungun ìhà á tẹ̀, á ṣẹ́, ẹ̀dọ̀fóró lẹ ó máa fún. Bí ọwọ́ bá sì sọ̀ kalẹ̀ jù, dé ṣóńṣó ìsàlẹ̀ egungun àárín, ẹ̀dọ̀ ló wà lábẹ́ ibẹ̀. Ìdajì ìsàlẹ̀ egungun náà ni kẹ́ ẹ gbé gìgísẹ̀ ọwọ́ lé, ní àárín gbùngbùn, kí ẹ na ìgbọ̀nwọ́ gbọọrọ, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ìgbà 100 sí 120 láàárín ìṣẹ́jú kan.

Ohun tí mo máa ń rí tí àwọn èèyàn ń gbàgbé ni gbígbé ọwọ́ sókè. Ẹ̀rù á bà wọ́n, wọ́n á fi gbogbo ara lé aláìsàn náà, wọn kò ní jẹ́ kí àyà rẹ̀ padà sípò. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí àyà bá gòkè ni ẹ̀jẹ̀ ń wọ inú ọkàn, ìgbà yẹn náà sì ni òpó ẹ̀jẹ̀ tó ń bọ́ ọkàn fúnra rẹ̀ ń rí tirẹ̀ gbà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tú u sílẹ̀ pátápátá, láì gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀. Ẹ lè gbọ́ tí egungun ìhà ró kà. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ bí a bá tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ. Ẹ má dúró.

Ó ku ẹyọ kan. Nínú nǹkan bí èèyàn 10,000, a máa ń rí ẹnì kan tí ohun inú rẹ̀ yí padà bí àwòrán inú dígí: ṣóńṣó ọkàn rẹ̀ dagun sí ọ̀tún, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà lósì, ẹ̀dọ̀fóró òsì rẹ̀ ló pín sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ wọn kì í mọ̀ títí di ọjọ́ tí wọ́n bá ya fọ́tò àyà wọn nítorí nǹkan mìíràn. Ẹni tó bá ṣubú níwájú yín lè jẹ́ ọ̀kan lára wọn, ẹ kò sì ní lè mọ̀. Ibì kan náà lẹ ó gbé ọwọ́ lé.